Oòrùn Ni Fìtílà Àkọ́kọ́: Ìtàn Àwọn Ayàwòrán Tó Ń Lọ Bá Ènìyàn Níbi Tí Wọ́n Wà

Àtẹ̀gùn tó gun orí òkè Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ju 600 lọ, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà fún ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń ro. Lóde òní, kì í ṣe àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ nìkan ló ń gùn ún. Ayàwòrán ń gbé kámẹ́rà, fíláàṣì àti agbòòrùn funfun rẹ̀ gòkè, tọkọtaya tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó sì ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú báàgì aṣọ. Bí wọ́n bá dé òkè, àpáta ńláńlá ni ògiri wọn, ojú ọ̀run ni àjà, oòrùn ni fìtílà. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àṣà tuntun tí Instagram mú wá ni èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ wa ti ń gbé ẹrù wọn lọ bá ènìyàn níbi tí wọ́n wà, tí wọ́n sì ń fi ọgbọ́n orí bá oòrùn lò.

Nígbà tí wọ́n kéde iṣẹ́ Daguerre ní ìlú Paris lọ́dún 1839, ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n náà dá lé. Àwo tí wọ́n fi ń gba àwòrán sílẹ̀ láyé ìgbà náà kò yára. Ẹni tí wọ́n ń yà ní láti dúró gbagidi, kò gbọ́dọ̀ mira. Kò sí iná mànàmáná tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Àní àwọn sítúdíò ìlú Òyìnbó pàápàá, gíláàsì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ṣe òrùlé kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀run lè wọlé, bébà tí wọ́n sá sínú oòrùn ni wọ́n sì fi ń tẹ àwòrán jáde. Ohun tí Òyìnbó ń fi owó ńlá kọ́lé dè, ọ̀fẹ́ ló wà ní àgbàlá gbogbo agboolé nílẹ̀ Yorùbá.

Àwọn ọmọ Adúláwọ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà pẹ́ lọ́wọ́ Òyìnbó nìkan. Lọ́dún 1895 ni George da Costa fi iṣẹ́ ilé ìtàwé CMS sílẹ̀ ní Èkó láti di ayàwòrán. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Neils Walwin Holm, ọmọ Accra, kó iṣẹ́ tirẹ̀ wá sí Èkó. Àwọn ọ̀mọ̀wé, oníṣòwò àti ìdílé onígbàgbọ́ ń wọ aṣọ ọ̀ṣọ́ lọ sí sítúdíò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ayàwòrán kò mọ sínú ilé. Ìjọba amúnisìn ń fẹ́ àwòrán iṣẹ́ tó ń ṣe, àwọn ilé iṣẹ́ òwò ń fẹ́ àwòrán ilé ìkẹ́rù wọn, ayàwòrán sì ní láti tọ iṣẹ́ lọ.

Ọmọ Èkó kan wà tó gbé iṣẹ́ yìí jìnnà ju ti gbogbo wọn lọ, ó sì fi ojú rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Herzekiah Andrew Shanu ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1858 ni wọ́n bí i. Ó bá ìjọba Kóńgò ti Ọba Leopold Kejì ṣiṣẹ́ ní ìlú Boma títí di ọdún 1893, lẹ́yìn náà ló dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ya àwòrán àwọn ènìyàn, ìlú àti ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń là nígbà náà, ìwé ìròyìn Le Congo Illustré sì tẹ àwòrán rẹ̀ jáde. Nígbà tó yá, Shanu fún Roger Casement, tó ń ṣe ìwádìí ìwà ìkà ìjọba Leopold, ní ẹ̀rí. Nígbà tí àṣírí tú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ ẹ̀yìn sí òwò rẹ̀. Lọ́dún 1905, Shanu gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé kámẹ́rà wọ ìlú àti ìletò, ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí kì í mọ sí èyí tí oníbàárà sanwó fún.

Ní àwọn ìlú tó wà ní àárín ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ náà di ti gbogbo ayé. Lọ́dún 1975, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí láàárín àwọn ayàwòrán Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ èso rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts lọ́dún 1978. Àwòrán kan tó rí káàkiri ni ti àgbàlagbà tó jókòó, aṣọ rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ méjèèjì wà lórí itan, ojú rẹ̀ sì kọ sí kámẹ́rà tààrà, láìsí ẹ̀rín. Ẹni tí kò mọ àṣà yóò rò pé ẹ̀rù kámẹ́rà ló ń bà á. Ipò àti ìwà ni àgbà náà jókòó tì. Robert Farris Thompson, tó bá àwọn Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí ère gbígbẹ́, ṣàlàyé pé ìfarahàn, jíjọra àti dídán wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tó dára. Ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ fọ́tò: kí gbogbo ara hàn, kí ó jọ ẹni náà, kí ojú sì máa dán.

Ìbéèrè mẹ́ta yìí ló ń darí ọwọ́ ẹni tó ń lo ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan kò lè mú wọn ṣẹ. Ó ń ti òkè wá, ó ń fi òkùnkùn sí ihò ojú, gèlè tàbí fìlà a sì ju òjìji sórí iwájú àti imú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí ìtànṣán oòrùn kò ti kan ara ni ọlọ́gbọ́n ń wá: ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìbòòji ògiri, abẹ́ igi tí ewé rẹ̀ pọ̀. Yóò ta aṣọ kan sẹ́yìn, yóò gbé àga síwájú rẹ̀, yóò sì yí oníbàárà sí apá ibi tí ojú ọ̀run ti mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yóò tú ká sí ojú náà, ibikíbi kò ní ṣókùnkùn jù.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni oníbàárà kò rí bákan náà. Ọba fẹ́ kí adé, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìrùkẹ̀rẹ̀ hàn kedere. Ìyá ọlọ́jà fẹ́ kí aṣọ tuntun rẹ̀ tàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wá iṣẹ́ fẹ́ pásípọ́ọ̀tù, ojú àti etí nìkan ló kàn án. Ti ìbejì ló le jù. Sprague rí i ní Ìlá pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìya fọ́tò, wọn a ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì tẹ méjèèjì pọ̀ sórí bébà kan, bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jọ jókòó. Bí ọ̀kan bá jẹ́ akọ tí èkejì jẹ́ abo, èyí tó kù a wọ aṣọ ọkùnrin, a tún pààrọ̀ sí aṣọ obìnrin. Bí ìmọ́lẹ̀ ìkíní bá yàtọ̀ sí ti ìkejì, àṣírí yóò tú, ìtùnú òbí yóò sì bàjẹ́.

Àwọn Yorùbá kó iṣẹ́ yìí dání lọ sí àjò. Ìwé tí òpìtàn Erika Nimis tẹ̀ jáde ní 2005 tọ ipasẹ̀ àwọn ayàwòrán Yorùbá káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n bá àwọn tó ní irú ọgbọ́n kan náà pàdé. Ní Bamako, Seydou Keïta, tó ṣí sítúdíò rẹ̀ ní 1948, ń fi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ya oníbàárà ní àgbàlá, pẹ̀lú aṣọ alárà lẹ́yìn wọn. Ní àríwá Côte d'Ivoire, Cornelius Augustt, tí wọ́n bí ní Togo, ń lọ láti abúlé dé abúlé ní àwọn ọdún 1960, ó ń ya àwọn àgbẹ̀ tó nílò fọ́tò fún káàdì ìdánimọ̀. Aṣọ kan lára ògiri, ìmọ́lẹ̀ ìta, ó parí.

Fíìmù aláwọ̀ mú ìṣòro mìíràn wá. Káàdì tí àwọn ilé ìfọ-fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń díwọ̀n àwọ̀ ní àwọn ọdún 1950, tí wọ́n ń pè ní Shirley, àwòrán obìnrin Òyìnbó ló wà lórí rẹ̀. Àwọ̀ funfun ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, àwọ̀ dúdú sì ń jìyà rẹ̀. Ó di àárín àwọn ọdún 1990 kí Kodak tó ṣe káàdì tí ènìyàn aláwọ̀ oríṣiríṣi wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà pàápàá kì í mọ ìyàtọ̀. Bí ìyàwó bá wọ léèsì funfun, ẹ̀rọ á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ìyàwó á sì ṣókùnkùn. Ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ ní láti kọ etí dídi sí ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó wọn ìmọ́lẹ̀ lára ojú fúnra rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ayàwòrán ń gbé gun òkè Ìdànrè, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Àpáta ibẹ̀ dúdú, kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà bí ògiri ẹfun, nítorí náà ó ní láti gbé ohun funfun dání láti fi gba oòrùn sí ojú oníbàárà. Ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ ju ojú ènìyàn lọ. Bí ó bá wọn ìmọ́lẹ̀ sí ojú, ọ̀run á di funfun báláú. Bí ó bá wọ̀n ọ́n sí ọ̀run, ojú á di òjìji. Fíláàṣì inú agbòòrùn ló ń là wọ́n níjà. Ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, ni ìmọ́lẹ̀ rọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró pẹ́ jù yóò fi òkùnkùn sọ àtẹ̀gùn.

Ẹ̀kọ́ kan ló kù tí òkè náà fẹ́ kọ́ni. Láyé ìjọba amúnisìn ni àwọn ará Ìdànrè sọ̀kalẹ̀ láti ìlú àtijọ́ wá sí ìsàlẹ̀. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè. Òkúta àti amọ̀ ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n. Ojú ènìyàn kì í dúró. Ojú lọ̀rọ̀ wà, fọ́tò ló sì ń tọ́jú ojú. Ní Benin, Solomon Osagie Alonge ya àwòrán ààfin àti ará ìlú fún ohun tó ju 50 ọdún lọ, ó tọ́jú wọn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington sì ṣe àfihàn wọn lọ́dún 2014. Láti 1968 ni J. D. 'Okhai Ojeikere ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà lójú pópó, níbi iṣẹ́ àti lóde àríyá. Ó kó nǹkan bí 1,000 jọ kó tó kú ní 2014. Àwọn méjì yìí ní orire. Nígbà tí ẹ̀rọ ìfọ-fíìmù aláwọ̀ gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ yàrá òkùnkùn ni wọ́n tì pa, àpótí nẹ́gátíìfù ọ̀pọ̀ ìlú sì bá ààtàn lọ. Ojú àwọn bàbá àti ìyá wa ló wà nínú wọn.

Lónìí, inú fóònù ni fọ́tò òkè Ìdànrè ń wà. Bí fóònù bá bọ́ sómi, ó tán. Tọkọtaya tó gun àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ nítorí àwòrán kan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó parẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tẹ ẹyọ kan sórí bébà, kí wọ́n kọ orúkọ, ibi àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sínú àpótí. Bí a ṣe mọ ojú àwọn tó kọ́ wa ní ìwà nìyẹn, bí àwọn ọmọ-ọmọ yóò ṣe mọ tiwa náà nìyẹn.