Jíìpù Ogun Àgbáyé Kejì àti Àwọn tí A Kò Rí Nínú Rẹ̀

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà bá ti ń súnmọ́, àwọn ọ̀nà tóóró Normandie ní ilẹ̀ Faransé a máa kún fún ọkọ̀ ogun. Kì í ṣe ogun ni ó dé. Olùkọ́, àgbẹ̀, mẹkáníìkì, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ni ó wà nínú àwọn ọkọ̀ náà. Wọ́n wá láti Faransé fúnra rẹ̀, láti Bẹ́ljíọ̀mù, láti Họ́láǹdì àti láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìràwọ̀ funfun ti Amẹ́ríkà wà lára ọkọ̀ wọn, aṣọ ọmọ ogun ọdún 1944 sì wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọn a pàgọ́ sí Sainte-Mère-Église, wọn a tò lọ sí etí òkun ní Utah Beach àti Arromanches, àwọn ará ìlú a sì jáde wá wò wọ́n bí àwa ti í jáde wo egúngún lọ́jọ́ ọdún.

A kò mú egúngún wọ ọ̀rọ̀ yìí láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó ti kọjá lọ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí dá aṣọ fún, tí wọ́n sì mú padà wá sí ìgboro. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, kò sí egúngún tí kò ní agboolé. Bí aṣọ rẹ̀ ti wù kí ó dára tó, a fẹ́ gbọ́ oríkì ìdílé tó gbé e jáde. Ìbéèrè tí a gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa nìyí: nígbà tí a bá mú irin ogun jáde, ta ni à ń kì?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irin náà. Ní oṣù keje ọdún 1940, àwọn ológun Amẹ́ríkà kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ 135 pé wọ́n ń fẹ́ ọkọ̀ kékeré kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò máa fà, tí yóò lè la ẹrẹ̀ àti òkè kọjá. Ọjọ́ 49 péré ni wọ́n fún ẹni tí yóò ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀. Bantam, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Butler ní Pennsylvania, ni ó gbà pé òun lè ṣe é láàárín ọjọ́ náà. Karl Probst ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì fa ọkọ̀ náà lé àwọn ológun lọ́wọ́ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án. Bantam gbin iṣu, ẹlòmíràn ni ó wà á jẹ: ìjọba fi àwòrán náà han Willys-Overland àti Ford, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì gba iṣẹ́ ńlá náà. Nígbà tí ogun fi parí, jíìpù tí wọ́n ti ṣe ti tó nǹkan bí 640,000. Ẹ́ńjìnnì Willys ní agbára ẹṣin 60, ọkọ̀ náà kò sì wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ, débi pé àwọn ọmọ ogun mélòó kan lè tì í jáde nínú kòtò láìsí ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ogun parí, irin kù. Àwọn ológun Faransé kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìpù tí Amẹ́ríkà fi sílẹ̀, wọ́n sì ń tún wọn ṣe ní ibi iṣẹ́ kan ní La Maltournée, lẹ́bàá Paris. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀ pátápátá, tí wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ẹni kan sin ìlẹ̀kẹ̀ ẹlòmíràn: ara Ford, ẹ́ńjìnnì Willys, nóòtì tí wọ́n rọ ní Faransé. Láti 1955 sí 1966, ilé-iṣẹ́ Hotchkiss gba àṣẹ láti ṣe tirẹ̀, tí wọ́n pè ní M201. Èyí tí ó ṣe lé ní 27,000. M201 yìí ni Faransé gùn lọ jagun ní Algeria. Nígbà tí ó yá, ìjọba ń tà wọ́n ní gbàǹjo, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò ṣe ológun rí ṣe di onílé jíìpù.

Ẹni tó bá ra ògbólógbòó jíìpù, iṣẹ́ ni ó rà. Ìdógùn-ún a ti jẹ abẹ́ rẹ̀, a ti jẹ ibi tí awakọ̀ ń gbẹ́sẹ̀ lé, omi a sì ti wọ inú ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Onítọ̀hún a tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a fi yanrìn fẹ́ ìdógùn-ún kúrò, a jó irin tuntun mọ́ ibi tó ti lu, kí ó tó wá fi ọ̀dà tó dà bí ewé gbígbẹ kùn ún. Wáyà ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń lo iná fóòtì 6. Ọ̀pọ̀ M201 ń lo 24, nítorí náà ẹni tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìmọ̀ yóò rí èéfín. Ìwé ọkọ̀ náà pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀: ní Faransé, ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún 30 lè gba ìwé ìrìnnà ti àwọn ohun àtijọ́, ìbọn tó bá sì wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ti dí ẹnu rẹ̀ tí kò lè yìn mọ́.

Ìjà àwọn olówó ọkọ̀ wọ̀nyí dùn ún gbọ́. Ford a máa tẹ lẹ́tà F sára ohun gbogbo tó bá rọ, títí dé orí nóòtì. Nítorí náà, ẹni tó ní jíìpù Ford a máa rin ọjà irin kiri ní ọdún dé ọdún, a máa wo orí nóòtì kọ̀ọ̀kan bóyá F wà níbẹ̀, bí babaláwo tó ń wo ojú ikin. Bí ó bá kù ú ní nóòtì mẹ́ta, kò ní lè sùn. Ẹlòmíràn a ra Hotchkiss, a kun ìràwọ̀ Amẹ́ríkà sí i lára, a sì gbé e lọ sí Normandie. Àwọn tó mọ̀ a sì máa sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé irọ́ ni ó ń gùn. Ní tiwa, jíìpù La Maltournée tí irin rẹ̀ kò bára mu yẹn ni a rò pé ó sọ òótọ́ jù. Èyí tó ní F lórí gbogbo nóòtì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tó jáde ní ilé-iṣẹ́. Èkejì gbé gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́rùn.

Kì í ṣe ẹni àdáni nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Musée des Blindés ní Saumur ní ọkọ̀ ìjà tó lé ní 800, ọ̀kan nínú wọn sì ni Tiger kejì ti àwọn Jámánì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní Bovington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Tiger 131 wà, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn máa ń sanwó láti wá wò bó ṣe ń rìn. Ilẹ̀ Áfíríkà, ní Tunisia, ni wọ́n ti mú un ní oṣù kẹrin ọdún 1943. Ní Nàìjíríà, ilé ìrántí ogun tó wà ní Umuahia, tí wọ́n ṣí ní 1985, kó àwọn ọkọ̀ onírin tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Biafra fi ọwọ́ ara wọn kàn nígbà ogun abẹ́lé jọ. Ọmọ ogun Biafra dé Ọ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, ìjà Ọ̀rẹ̀ sì di ohun tí àwọn àgbà fi ń ṣe àfiwé ohun tó le. Ní Umuahia, ẹni tó bá wò ó mọ ọwọ́ ẹni tó kàn án. Ibi tí ọ̀rọ̀ Normandie ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ẹ wo kámíọ̀ GMC ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, tí gbogbo ayẹyẹ wọ̀nyí máa ń fi ṣe ọ̀ṣọ́. Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ sí ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1944, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń lé Jámánì lọ sí ìlà-oòrùn ń jẹ epo àti ọta ju ohun tí ọkọ̀ ojú irin tó ti bàjẹ́ lè gbé lọ. Wọ́n yọ ọ̀nà kan sọ́tọ̀ tí ọkọ̀ mìíràn kò gbọdọ̀ gbà, wọ́n pè é ní Red Ball Express, nǹkan bí ọkọ̀ 6,000 sì ń sáré lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ní ọjọ́ tí ó dára jù, ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù 12,500 ni wọ́n gbé. Nínú awakọ̀ mẹ́rin, mẹ́ta jẹ́ ènìyàn dúdú, àwọn ọmọ ẹrú àná tí Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ó bá ọmọ ogun funfun sùn nínú àgọ́ kan náà. Wọ́n tú ohun tí wọ́n fi dín eré ẹ́ńjìnnì kù, kí ọkọ̀ lè sáré ju bí òfin ti wí. Ọ̀pọ̀ kámíọ̀ GMC ni a ti tún ṣe dáadáa lónìí. Bí awakọ̀ rẹ̀ ti rí kì í sábà wà lára ohun tí a tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó kàn wá jù wà lára half-track àti jíìpù ẹgbẹ́ ogun Leclerc. Áfíríkà ni Leclerc ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Chad àti ti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká ni wọ́n bá a gba Koufra ní 1941. Nígbà tí wọ́n dá 2e DB sílẹ̀ ní Morocco ní 1943, tí Amẹ́ríkà kó ọkọ̀ titun fún wọn, wọ́n yọ ọmọ ogun dúdú kúrò. Ní oṣù kìíní 1944, Walter Bedell Smith tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ológun Eisenhower kọ ìwé àṣírí pé ó sàn kí ẹgbẹ́ tí yóò wọ Paris jẹ́ ti aláwọ̀ funfun. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ, àwọn tó kọ́kọ́ dé iwájú Hôtel de Ville jẹ́ ọmọ Spain tó sá kúrò lábẹ́ Franco; wọ́n ti kọ orúkọ ogun ilẹ̀ wọn, Guadalajara, Teruel, Ebro, sára half-track wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó dárúkọ wọn. Paris gbé àmì ìrántí kalẹ̀ fún wọn ní 2004, a sì ti ń rí half-track tí ẹni àdáni tún ṣe, tí Guadalajara wà lára rẹ̀, níbi ayẹyẹ. Orúkọ tí a fi ọ̀dà funfun kọ sára irin ni ó jẹ́rìí fún wọn.

Àwọn tiwa kò rí irin kọ orúkọ sí. Gbogbo wa mọ̀ pé orúkọ Senegal ni wọ́n fi ń pe tirailleur, ṣùgbọ́n Dahomey àti Togo wà nínú wọn. Kíkó ọmọ sí ogun kì í ṣe ohun tí ìlú wa gbà tayọ̀tayọ̀: ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú tó jáde ní 1976 ṣàlàyé bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe ń sá la ẹnubodè kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nítorí rẹ̀. Àwọn tí a kó náà wà nínú àwọn tó gúnlẹ̀ sí Provence ní oṣù kẹjọ 1944, tí wọ́n gba Toulon, tí jíìpù àti kámíọ̀ Amẹ́ríkà sì wà láàárín wọn. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọ ó kéré tán 15,000 nínú wọn lójú ogun. Wọ́n ní nítorí òtútù ni. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù òtútù lára wọn, wọ́n gba ìbọn wọn, wọ́n sì fi wọ ọmọ Faransé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú igbó. Ẹni tó bá ra ẹ̀wù ogun ọdún 1944 lónìí láti fi gun jíìpù rẹ̀ lè má mọ̀ pé ó ti wà lára ẹlòmíràn.

Irin náà dé Áfíríkà pẹ̀lú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti wà lẹ́wọ̀n Jámánì béèrè owó tí Faransé jẹ wọ́n. Táńkì M3 kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, half-track méjì àti ọkọ̀ onírin mẹ́ta ni wọ́n fi yí wọn ká, kí wọ́n tó yìnbọn lù wọ́n. Àwọn aláṣẹ ìgbà náà ní òkú jẹ́ 35. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 80 kọjá kí ààrẹ Faransé tó pè é ní ìpakúpa, ní oṣù kọkànlá 2024. Half-track tí àwọn ọmọdé ń gùn ṣeré níbi ayẹyẹ ní Normandie, ọmọ ìyá èyí tó dúró ní Thiaroye ni.

Àwọn ará wa lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bá jíìpù pàdé ní ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ẹgbẹ́ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Wọ́n fi àdá àti ọkọ́ la ọ̀nà jíìpù tó tó kìlómítà 120 láàárín òkè àti igbó, wọ́n sì pè é ní Ọ̀nà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kọjá ibi tí ọ̀nà náà parí sí, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà pẹ̀lú àwọn tó ń tọ́jú àwọn tó gbọgbẹ́ ní àfonífojì náà nígbà tí àwọn Japan kọlù wọ́n ní oṣù kẹta 1944. Ìbọn bà á, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn ará abúlé ni wọ́n sì fi pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Ó padà sílé, ó fúnra rẹ̀ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀, ó sì kú ní 2012.