Ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ lọ sílẹ̀ yìnyín, ìwé ni kó kọ́kọ́ mú kó tó mú kóòtù

Bí èèyàn bá gba ọ̀nà Ìjọra kọjá láàárọ̀, yóò rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n wọ súwẹ́tà, tí wọ́n fi fìlà bo etí, nígbà tí oòrùn Èkó ti ń ta àwọn tó kù lára. Ara wọn dá. Ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí ni wọ́n ti ń jáde bọ̀, òtútù inú irú ilé bẹ́ẹ̀ sì máa ń wà ní ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Púpọ̀ nínú ẹja Títù tí wọ́n ń gbé lórí, àti pánla gbígbẹ tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko, òkun àríwá ayé ni wọ́n ti wá. Ẹja ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Èèyàn ló kù tí ọ̀nà náà ṣókùnkùn sí.

Bí ọmọ tó wà lókè òkun bá ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ kan sí Bàdíà tàbí Ajégúnlẹ̀ pé kí bàbá àti ìyá òun múra, pé òun fẹ́ kí àwọn jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ gbafẹ́ nílẹ̀ yìnyín, òtútù ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Wọn á máa wá kóòtù kiri. Àmọ́ kì í ṣe òtútù ló máa ń dá arìnrìn-àjò láti ilẹ̀ yìí padà, ìwé ìrìnnà ni. Kóòtù kò ṣòro láti rà. Físà tí wọn kò bá kọ bó ṣe yẹ ló lè mú kí èèyàn dúró sí èbúté, kí ọkọ̀ sì máa lọ lójú rẹ̀.

Nígbà kan, èèyàn kò nílò bàálù kó tó lè kúrò l'Ékòó lọ sí apá àríwá. Láti Àpápá ni ọkọ̀ iléeṣẹ́ Elder Dempster ti ń kó èrò lọ sí Liverpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ọkọ̀ Accra àti ọkọ̀ Apapa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà náà ní 1947 àti 1948, kí Aureol tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1951. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò lójú omi, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ló sì bá wọn lọ. Nígbà tó di 1974 ni Aureol ná ọ̀nà náà kẹ́yìn, nítorí bàálù ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹrù ni àwọn ọkọ̀ tó ń wọ Àpápá ń kó báyìí, wọn kì í já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò.

Àwọn kan kò gba èyí. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn òṣìṣẹ́ ààbò etíkun ilẹ̀ Spain bá ọkùnrin mẹ́ta lórí irin ìtọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ Alithini II ní Las Palmas, lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà ti rin ọjọ́ 11 láti Èkó. Ní 2023, àwọn mẹ́rin ọmọ Nàìjíríà ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n rò pé Yúróòpù ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n ní Vitória lórílẹ̀-èdè Brazil ni àwọn ọlọ́pàá ti yọ wọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 14. Oúnjẹ tí wọ́n dì dání ti tán kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí èbúté ní láti mọ̀ pé òkun tí wọ́n là já yẹn, omi gbígbóná ni. Bí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ bá bá ara rẹ̀ lórí òkun Norway lóṣù kìíní, kò ní pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kú lára irin.

Ẹni tó mọ ìmúra ìrìn-àjò yìí jù nílẹ̀ adúláwọ̀, ìtòsí ibí náà ló ti wá. Tété-Michel Kpomassie ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Togo ni, ọdún 1941 ni wọ́n sì bí i. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó gun igi àgbọn, ó bá ejò pàdé lókè, ló bá já bọ́. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bọ ère nínú igbó kí wọ́n lè wò ó sàn, àdéhùn sì wà pé tí ara rẹ̀ bá yá, yóò di ọ̀kan lára àwọn olùsìn wọn. Ọkàn ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Láàárín àkókò yẹn ló rí ìwé kan nílé ìtàwé ní Lomé, tí Dókítà Robert Gessain kọ nípa àwọn ará ilẹ̀ yìnyín láti Greenland dé Alaska. Ó kà á tán, ó sì pinnu pé ibẹ̀ lòun ń lọ. Wọ́n ní ejò kì í gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, igi tí èèyàn yóò gùn kò sì sí níbẹ̀.

Ó sá kúrò nílé. Ohun tó yẹ kí àwọn tó ń kánjú fi sọ́kàn ni pé nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ló fi wà lójú ọ̀nà kó tó débẹ̀. Ó gba Gáná kọjá, ó gba Ivory Coast, Senegal àti Mauritania, ó bọ́ sí Faransé, ó dé Jámánì, ó sì dé Copenhagen, olú ìlú Denmark. Ìlú tó bá dé, iṣẹ́ ni yóò ṣe, yóò tọ́jú owó, yóò kọ́ èdè. Denmark ló ń ṣàkóso Greenland, nítorí náà ó kọ́kọ́ gba àṣẹ níbẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀. Ní 1965 ni ọkọ̀ náà gbé e dé ìlú Julianehåb, tí wọ́n ń pè ní Qaqortoq lónìí. Ariwo tó wà létíkun dákẹ́ bí wọ́n ṣe rí ọkùnrin dúdú gíga kan tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọdé.

Ó lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ajá wọ́ ọkọ̀ lórí yìnyín, bí wọ́n ṣe ń pa ẹja àti bí wọ́n ṣe ń dọdẹ ẹran inú omi, ó sì dé Upernavik lápá òkè, níbi tó ti gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbà kan tó ń jẹ́ Robert Mattaaq. Ní 1981 ni ìwé tó kọ nípa ìrìn-àjò náà jáde lédè Faransé, L'Africain du Groenland, tí wọ́n sì túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1983. Ọmọ tí oòrùn etíkun Togo tọ́ dàgbà kò kú sínú òtútù. Àwọn tó bá níbẹ̀ ló kọ́ ọ ní aṣọ wíwọ̀.

Ẹni tó ń múra lónìí kò nílò ọdún mẹ́jọ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ kò pọ̀ jù. Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ ibi tó ń lọ. Èyí tó rọrùn jù ni etíkun Norway, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéra ní Bergen, tó ń lọ sí Kirkenes nítòsí ààlà Rọ́ṣíà, tó sì ń padà. Ọdún 1893 ni iléeṣẹ́ Hurtigruten bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, òun àti iléeṣẹ́ Havila ni wọ́n jọ ń ṣe é báyìí. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 12, ọkọ̀ náà sì ń yà ní èbúté 34. Ó ń kó ẹrù àwọn ará ìlú mọ́ àwọn tó ń gbafẹ́. Ó ń kọjá ní Lofoten, níbi tí wọ́n ti ń sá pánla sórí igi láti oṣù kejì dé oṣù karùn-ún, láìfi iyọ̀ sí i, tí òtútù àti afẹ́fẹ́ yóò gbẹ ẹ́. Nàìjíríà ni púpọ̀ nínú orí ẹja wọ̀nyẹn ń bọ̀.

Físà Schengen ni Norway ń béèrè. Èèyàn lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, owó rẹ̀ jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà. Ìwé ìdójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ owó ní báńkì àti ẹ̀rí pé èèyàn ní iṣẹ́, ilé tàbí ẹbí tí yóò mú un padà wálé. Owó ńlá tó ṣàdédé wọ àpò báńkì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kì í dùn lójú wọn.

Ibi tí pańpẹ́ wà gan-an nìyí. Erékùṣù Svalbard wà lábẹ́ Norway, ṣùgbọ́n kò sí nínú Schengen. Ẹnikẹ́ni lè wọ ibẹ̀ láìní físà, àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1920 ló mú kó rí bẹ́ẹ̀. Èyí dùn ún gbọ́. Àmọ́ Norway ni wọ́n ń gbà débẹ̀, Norway náà ni wọ́n sì ń gbà padà. Bí físà náà bá jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti tán lọ́jọ́ tí èèyàn kúrò ní Norway lọ sí Svalbard, kò sì ní lè wọlé padà. Físà tí a lè fi wọlé ní ẹ̀ẹ̀mejì ni kó béèrè. Ti Greenland tún yàtọ̀. Físà Denmark lásán kò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ṣiṣẹ́ ní Greenland. Bí ọkọ̀ bá sì gbéra ní Southampton lọ sí Norway, físà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Schengen ni èèyàn yóò mú dání.

Alaska ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà l'Ámẹ́ríkà máa ń fẹ́ mú òbí wọn lọ, ibẹ̀ ló sì le jù báyìí. Òfin Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1886 kò jẹ́ kí ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kó èrò láti èbúté Amẹ́ríkà kan sí òmíràn láìya ìlú mìíràn, nítorí náà púpọ̀ nínú wọn ń ya Canada. Èyí fi hàn pé físà ìlú méjì ni, ti Amẹ́ríkà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè fi wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà sọ físà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbà di ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún oṣù mẹ́ta, àṣẹ tí wọ́n fi síta lóṣù kejìlá ọdún náà sì dá físà àbẹ̀wò dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀, ẹ béèrè bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ aṣojú ìjọba wọn fúnra yín, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ alágbàtà gbọ́.

Tí ìwé bá ti wà nílẹ̀, òtútù kò tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ní Tromsø, lóṣù kìíní, ó sábà máa ń wà ní ìwọ̀n bíi 4 nísàlẹ̀ òdo, nítorí omi gbígbóná tó ń ṣàn gba etíkun náà kọjá. Ilé ẹja Ìjọra tutù jù ú lọ. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá ibẹ̀, pàápàá lórí pèpéle ọkọ̀. Aṣọ tín-ín-rín mẹ́ta sàn ju kóòtù ńlá kan lọ. Èyí tó kan ara kí ó jẹ́ onírun àgùntàn, èyí tó tẹ̀ lé e kí ó nípọn, èyí tó wà lókè kí ó má gba omi àti afẹ́fẹ́. Òwú kò dára níbẹ̀. Bó bá ti mu òógùn, ó di ọ̀rinrin sára. Èèyàn lè rí ojúlówó nínú òkìrìkà ní Yábàá bó bá fara balẹ̀ ṣà á. Bàtà gbọ́dọ̀ gba ìbọ̀sẹ̀ nínípọn láìfún ẹsẹ̀. Òrí tó ń bẹ nílé ṣáà dára fún ètè àti ọwọ́ tó ń sán.

Oògùn ibà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Kòkòrò tí ẹ̀fọn gbé síni lára ní Bàdíà lè má jí títí ọ̀sẹ̀ kejì ìrìn-àjò, dókítà inú ọkọ̀ sì lè rò pé òtútù lásán ni. Bí ara bá gbóná, kí èèyàn tètè sọ fún un pé Nàìjíríà lòun ti wá, kó sì ní kó yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò fún ibà.

Àkókò tí èèyàn lọ náà tún ṣe kókó. Láti nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù karùn-ún títí di ọjọ́ 22 oṣù keje, oòrùn kì í wọ̀ ní Tromsø. Láti ìparí oṣù kọkànlá dé àárín oṣù kìíní, kì í yọ rárá. Mùsùlùmí tó bá ń lọ lákòókò wọ̀nyí gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ààfáà rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Àwọn Mùsùlùmí kan níbẹ̀ ń lo àkókò Mẹ́kà fún ìrun àti ààwẹ̀.

Kí èèyàn dé ìlú tí ọkọ̀ yóò ti gbéra ní ọjọ́ kan ṣáájú, ó kéré tán. Bàálù lè pẹ́, ẹrù lè ṣáko, ọkọ̀ kì í dúró de ẹnì kan. Kí súwẹ́tà kan, ìbọ̀wọ́, oògùn àti ìwé gbogbo wà nínú àpò tí èèyàn gbé wọ inú bàálù, kó má bá ẹrù ìsàlẹ̀ lọ.