Ohun tí ìyá wa àgbà fi ń fètò sọ́mọ bíbí n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará Agbowó, ẹ sún mọ́bí. Ní 1973, John àti Pat Caldwell ṣèwádìí n'Ìbàdàn. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ìyálọ́mọ kì í bá ọkọ sùn títí wọ́n á fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Wọ́n ní àtọ̀ ń ba omi ọmú jẹ́. Irọ́ nìyẹn o, àmọ́ ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́!

Òrùka àti ìgbàdí ńkọ́? Kò sẹ́rìí.

Àmọ́ nínú yàrá kan ṣoṣo, ta ló fẹ́ sùn lọ́tọ̀ fún ọdún méjì?

Ẹ wá wo tòde òní. Nínú obìnrin 100, láàárín ọdún kan, bí 13 ló ń lóyún pẹ̀lú kóńdọ̀mù (òun ló sì ń dènà HIV), bí 7 pẹ̀lú oògùn oníhóró, èyí tí nọ́ọ̀sì ń fi sápá ò tó 1.

"Màá yọ ọ́ kó tó dà" yẹn? Bí 20. Òun gan-an lẹ̀yin bọ̀ọ̀dá gbójú lé!