Bí òbí ṣe lè bá ọmọ ṣe róbọ́ọ̀tì kékeré tó ń gbọ̀n

Orí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, fóònù tó ti bàjẹ́ àti bátìrì pẹlẹbẹ onífóltì 3 ti tó láti fi ṣe róbọ́ọ̀tì. Lọ́dún 2007 ni Windell Oskay àti Lenore Edman gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà.

Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan náà, kí àgbàlagbà gé orí rẹ̀ kúrò. Ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì inú fóònù náà, kí ẹ tó yọ mọ́tò tíńtín oníwáyà méjì tó máa ń mú un gbọ̀n. Ẹ fi téèpù tó ń lẹ̀ lójú méjèèjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì. Irin tó ń yí lẹ́nu rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan nǹkan kan. Ẹ bó ẹnu wáyà méjèèjì, kí ọ̀kan wà lábẹ́ bátìrì pẹlẹbẹ náà, kí èkejì wà lórí rẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò máa sáré lórí tábìlì.

Ẹ fi irin náà han ọmọ: apá kan rẹ̀ wúwo ju èkejì lọ. Bó ti ń yí ló ń mi gbogbo ara róbọ́ọ̀tì, irun tó tẹ̀ sì ń tì í lọ sí apá kan.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ bátìrì náà gidigidi. Bí ọmọdé bá gbé e mì, tó há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ibẹ̀ láàárín wákàtí 2. Ẹ má dúró kó tó máa wúkọ́ tàbí bì. Ilé ìwòsàn ló kàn. Ilé tí ọmọ tó ń kó nǹkan sẹ́nu bá wà, ẹ má gbé eré yìí wọ̀ ọ́.