Òwú Kan, Abẹ́rẹ́ Kan, Ẹ̀wù Kan

Kí kóróṣé tó dé ilẹ̀ wa ni Ìwó Olódò Ọbà ti mọ òwú. Ọ̀kan ni Ìwó jẹ́ nínú àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ́ aṣọ híhun. Nílẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin a máa hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ó rán pọ̀ di aṣọ òkè. Obìnrin a sì máa hun kíjìpá lórí òfì tí a gbé nàró. Ọ̀dọ̀ àgbà agbo-ilé ni a ti ń kọ́ ọ.

Ìlú òyìnbó ni kóróṣé ti wá. Nígbà tí ànàmọ́ òyìnbó bà jẹ́ ní ilẹ̀ Ireland láti 1845, tí ìyàn sì mú, abẹ́rẹ́ onìkọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi hun léèsì tà, kí wọ́n lè jẹun. Lọ́dọ̀ wa, àwọn obìnrin míṣọ́nnárì náà kọ́ni ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́: Anna Hinderer, tí ó dé Ìbàdàn ní 1853, kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ.

Orí tábìlì ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ rí kóróṣé. Ọmọbìnrin tí ó bá fẹ́ ẹ̀wù ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè gbé e kúrò níbẹ̀. Kí ó hun iwájú, kí ó hun ẹ̀yìn, kí ó so wọ́n pọ̀ ní èjìká àti ìhà. Ihò ara rẹ̀ yóò jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Aṣọ tí a ti gé kì í padà di òwú. Ṣùgbọ́n bí kóróṣé bá fún jù, a ó tú u, a ó sì tún un hun.

Kí a má tìtorí èyí pa òfì tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá òfì nílé ti rí ọ̀nà dé ìdí òwú. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.