Ẹrù gíga lẹ́yìn ọkọ̀ pick-up: Kí ló ń mú kí epo tètè tán?

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ekukáká ni awakọ̀ kan fi lè gbéra ní Nàìjíríà láì kọ́kọ́ ṣírò owó epo. Lítà epo bẹntiróòlù kan tí kò tó 200 náírà nígbà náà fò kọjá 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ìlú.

Lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ pick-up ṣiṣẹ́ ajé: ẹni tó ń kó tòmátì láti Kánò, ẹni tó ń kó ọ̀dùnkún láti Jọ́ọ̀sì, àti ẹni tó ń to àgò adìyẹ lé ara wọn lọ sí ọjà. Bí epo bá tètè tán, ìwúwo ẹrù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Òótọ́ ni pé ẹrù tó wúwo ń jẹ epo, àmọ́ ọ̀tá mìíràn wà tí ojú kì í rí. Atẹ́gùn ni.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù, nítorí pé àwọn ènìyàn níbẹ̀ máa ń gbé odidi ilé kékeré sẹ́yìn ọkọ̀ pick-up láti fi rìnrìn àjò afẹ́. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìrírí wọn wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ń to ẹrù ga ju òrùlé ọkọ̀ lọ.

Ilé tí ọkọ̀ ń pọ̀n sẹ́yìn

Camper ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Èyí tí à ń sọ yìí kò ní táyà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ kì í wọ́ ọ tuurutu bíi tírélà. Ńṣe ni wọ́n máa ń fi jáàkì tó wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé e sókè, awakọ̀ yóò wá fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ibi tí ọkọ̀ ń gbé ẹrù sí, kí wọ́n tó dè é mọ́lẹ̀ gbọn-in. Ibùsùn, ààrò gáàsì, fíríìjì àti àgbá omi sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ibùsùn náà a yọ síwájú, a sì bo òrùlé ibi tí awakọ̀ jókòó sí.

Òǹkọ̀wé John Steinbeck, tó gba àmì ẹ̀yẹ Nobel fún lítíréṣọ̀ lọ́dún 1962, wà lára àwọn tó fi irú ọkọ̀ yìí rin ìrìn àjò tí gbogbo ayé mọ̀. Lọ́dún 1960, ó gbé ilé bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ pick-up GMC, òun àti ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Charley sì fi yí Amẹ́ríkà ká. Ọkọ̀ náà, tó sọ ní Rocinante, wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n fi orúkọ òǹkọ̀wé náà pè ní ìlú Salinas, ní ìpínlẹ̀ California.

Àwọn camper kéékèèké kan kò tó 500 kìló. Àwọn ńlá lè wúwo ju 1,500 kìló lọ, kí wọ́n tó rọ omi sí i. Lítà omi kan jẹ́ kìló kan, nítorí náà àgbá tó gba 100 lítà ti fi 100 kìló kún ẹrù kí ẹnikẹ́ni tó gbé aṣọ tàbí oúnjẹ wọlé.

Ìwúwo àti atẹ́gùn: Èwo ló ń jẹ epo jù?

Ìdáhùn dá lórí ibi tí ọkọ̀ wà àti bó ṣe ń sáré tó.

Ìwúwo máa ń jẹ epo nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, nígbà tó bá ń gun òkè, àti nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára tí ẹ́ńjìnnì fi epo rà láti mú ọkọ̀ sáré a di ooru lásán lára bíréèkì. Bí ọ̀nà bá tún là, epo mìíràn ni wọn yóò fi ra agbára náà padà. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni owó tí wọ́n ń san léraléra yìí ṣe máa ń pọ̀ tó.

Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ agbára sọ pé bí ẹrù bá fi kìló 45 lé sí i nínú ọkọ̀, ọ̀nà tí lítà epo kan lè gbé ọkọ̀ náà dé lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ọkọ̀ kékeré ló máa ń mọ̀ ọ́n lára ju ọkọ̀ ńlá lọ.

Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí òpópónà márosẹ̀ tó tẹ́jú, tí eré rẹ̀ kò lọ sókè tí kò sì wá sílẹ̀, ìwúwo kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìṣòro mọ́. Atẹ́gùn ni ẹ́ńjìnnì ń bá jà jù nígbà náà. Kí ọkọ̀ tó lè kọjá, ó gbọ́dọ̀ ti atẹ́gùn tó wà níwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ pick-up tó dà bíi Hilux ga tó nǹkan bíi mítà 1.8. Bí wọ́n bá gbé camper ńlá sẹ́yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, gíga rẹ̀ lè kọjá mítà mẹ́ta. Ohun tó ń dojú kọ atẹ́gùn nígbà náà kì í ṣe imú ọkọ̀ mọ́, odidi ògiri ni.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀ka ìjọba kan náà sọ nípa àpótí ẹrù tí àwọn ènìyàn ń dè mọ́ òrùlé ọkọ̀. Láàárín ìlú, àpótí ńlá tí orí rẹ̀ kò mú ṣóńṣó lè dín ọ̀nà tí epo ń gbé ọkọ̀ dé kù ní ìdá méjì sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí eré bá dé nǹkan bíi kìlómítà 105 sí 120 ní wákàtí kan, àdánù náà a di ìdá 10 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Àpótí kan náà ni, ẹrù kan náà ni. Eré nìkan ló yí padà.

Bí àpótí orí ọkọ̀ bá lè ṣe èyí, ẹ lè fojú inú wo ohun tí àgò adìyẹ tí wọ́n tò ní ìpele márùn-ún, tàbí apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó ga ju orí awakọ̀ lọ, yóò ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn kan ní Amẹ́ríkà fi ń ra camper tí òrùlé rẹ̀ ṣeé sọ̀ kalẹ̀ nígbà ìrìn àjò. Tí wọ́n bá dé ibi tí wọn yóò sùn ni wọ́n tó máa ń gbé òrùlé náà sókè.

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọyẹ́ tún máa ń dá sí ọ̀rọ̀ náà. Láti àríwá ìlà oòrùn ni ó ti ń fẹ́ wá. Ọkọ̀ tó gbé ẹrù gíga láti Èkó lọ sí Kánò lásìkò ọyẹ́ lè máa forí kọ atẹ́gùn náà ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà.

Nígbà tí Amẹ́ríkà fi òfin dín eré kù

Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń dá a dúró a di ìlọ́po mẹ́rin. Kódà, kí awakọ̀ kúrò lórí kìlómítà 80 bọ́ sí 110 ní wákàtí kan ti tó láti jẹ́ kí agbára atẹ́gùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ìjọba Amẹ́ríkà mọ èyí dáadáa. Lẹ́yìn tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dáwọ́ epo títà fún Amẹ́ríkà dúró ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, Ààrẹ Richard Nixon buwọ́ lu òfin kan ní ọjọ́ kejì oṣù Kínní ọdún 1974, tó fi òté lé eré sísá ní òpópónà jákèjádò orílẹ̀-èdè náà ní máìlì 55 ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 88. Ọdún 1995 ni wọ́n tó fagi lé e. Ọ̀wọ́n epo tó mú kí Amẹ́ríkà rọra rìn yìí kan náà ló mú kí owó rẹpẹtẹ wọlé fún Nàìjíríà, tó ti wọ ẹgbẹ́ OPEC lọ́dún 1971.

Ní Nàìjíríà lónìí, eré tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, gbà láyè fún ọkọ̀ àdáni lójú ọ̀nà márosẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 100 ní wákàtí kan lọ. Ìyẹn kò sọ pé eré náà ló tọ́ sí ọkọ̀ tó gbé ẹrù gíga. Ẹni tó bá fi kìlómítà 80 rin ìrìn kìlómítà 100 yóò fi ìṣẹ́jú 15 péré pẹ́ ju ẹni tó fi 100 rìn ín. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìṣirò tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe

Ní Amẹ́ríkà, òfin sọ pé kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ọkọ̀ tuntun láti fi sọ bó ṣe ń mu epo sí. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn ọkọ̀ pick-up tí àpapọ̀ ìwúwo tí wọ́n ṣe wọ́n fún, tòun ti ẹrù, bá ju nǹkan bíi 3,855 kìló lọ sílẹ̀. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí gan-an ni wọ́n sì ń lò láti gbé camper ńlá. Ìdí nìyí tí àwọn tó ni wọ́n fi ń fúnra wọn wọn epo.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò le. Ẹ rọ epo kún táǹkì, kí ẹ sì kọ iye kìlómítà tó wà lára òǹkà ọkọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò, ẹ tún rọ ọ́ kún. Ẹ fi iye kìlómítà tí ẹ rìn pín iye lítà tó wọlé, kí ẹ wá sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100. Ohun tí ẹ máa rí ni iye lítà tí ọkọ̀ náà ń mu fún kìlómítà 100. Ẹ ṣe é nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, kí ẹ sì tún un ṣe nígbà tó gbé ẹrù.

Ká ní ọkọ̀ kan ń mu lítà 12 fún kìlómítà 100 bó bá rọra rìn, ṣùgbọ́n tó ń mu 16 bó bá fi ẹrù gíga sáré. Ìrìn kìlómítà 1,000, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Èkó sí Kánò, yóò gba lítà 120 ní ti àkọ́kọ́, àti 160 ní ti èkejì. Bí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, 40,000 náírà ni ìyàtọ̀ náà, ní àlọ nìkan.

Ọ̀rọ̀ náà ju epo lọ

Ọkọ̀ tó ń mu epo lọ́nà tó ṣàjèjì lè jẹ́ ọkọ̀ tí ẹrù ti pọ̀ jù fún. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ awakọ̀, tó sọ ìwúwo tàbí afẹ́fẹ́ táyà tó yẹ ọkọ̀ náà. Awakọ̀ àti àwọn tó jókòó tì í wà lára ohun tí ọkọ̀ ń gbé. Bí wọ́n bá kọjá ìwọ̀n, táyà a gbóná, ó sì lè bẹ́. Bíréèkì kò ní tètè mú ọkọ̀ dúró. Ẹrù gíga tún máa ń mú kí ọkọ̀ rọrùn láti dojú dé ní kọ́nà.

Ohun tí ẹ lè ṣe

- Ẹ to ẹrù gbòòrò dípò kí ẹ tò ó ga. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ má ṣe jẹ́ kó ga ju òrùlé ọkọ̀ lọ.
- Ẹ gbé ẹrù tó wúwo jù sí ìsàlẹ̀, kí ó súnmọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ.
- Ẹ fa tapólì le dáadáa. Èyí tó ń fẹ́ lẹlẹ ń fi kún ohun tí atẹ́gùn ń dì mú.
- Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà kí ẹ tó gbéra, nígbà tí táyà ṣì tutù. Táyà tó rọ̀ ń jẹ epo, ó sì léwu lábẹ́ ẹrù.
- Ẹ rọra tẹ iná ọkọ̀, kí ẹ sì máa wo ọ̀nà iwájú kí bíréèkì òjijì má baà pọ̀.
- Bí ẹ bá fẹ́ dúró pẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tó dúró lójú kan láì pa ẹ́ńjìnnì lè mu tó lítà kan sí méjì ní wákàtí kan.

Kò sí èyí tó ní kí awakọ̀ ra ọkọ̀ tuntun níbẹ̀. Epo tí atẹ́gùn bá sì jẹ lójú ọ̀nà kì í dúró sọ́rùn awakọ̀ nìkan. Bí apẹ̀rẹ̀ tòmátì bá dé ọjà, owó epo náà ti wà lórí rẹ̀, ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ ni yóò san án.