Jagunjagun Mímọ́ àti Àwọn Tí Idà Rẹ̀ Bá

Ní Ìgándò, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, oyè ogun kò ṣòro láti gbọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Balógun Ìjọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Balógun Àdínnì wà ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn tí ó ń jẹ oyè wọ̀nyí kì í gbé idà. Owó ni wọ́n máa ń yọ nígbà ìkórè, tàbí nígbà tí òrùlé mọ́ṣáláṣí bá ń jò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú àdúrà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìgbà kan wà tí a so idà àti àdúrà pọ̀ ní ilẹ̀ yìí ní tòótọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní mọ ìbátan Balógun yìí lábẹ́ orúkọ mìíràn. Nínú àwọn eré ìtàn àròsọ tí òṣèré kọ̀ọ̀kan ti ń yan akọni tí yóò jẹ́, ìbáà ṣe lórí tábìlì tàbí lórí kọ̀ǹpútà, akọni kan wà tí a ń pè ní paladin: ó wọ ẹ̀wù irin, ó lè gbé ọwọ́ lé aláìsàn kí ara rẹ̀ sì yá, ó sì ń fi idà pa ẹni ibi. Eré Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, ni baba irú eré wọ̀nyí; ní 1975 ni paladin wọ inú rẹ̀. Òfin tí ó de akọni yìí le. Bí ó bá dẹ́ṣẹ̀, agbára rẹ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré kan náà ti yan àwọn ẹ̀dá kan ní ọ̀tá láti inú ìyá wọn wá, nítorí náà pípa wọn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣèré bi Gygax léèrè ọ̀rọ̀ yìí ní 2005, ó ní paladin lè pa ẹlẹ́wọ̀n tí ó ti túúbá pàápàá, ó sì mẹ́nu ba òwe pé ẹyin iná orí ni í di iná orí. Òwe náà ti mọ́ orúkọ John Chivington lára, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tí ó ṣíwájú àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà lọ sí Sand Creek ní 29 Novẹ́ḿbà 1864. Àwọn Cheyenne àti Arapaho ni wọ́n pa níbẹ̀. Obìnrin, ọmọdé àti arúgbó ni púpọ̀ nínú wọn.

Orúkọ paladin fúnra rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn akọni ọba Charlemagne wá. Àwọn Basque ni ó kọlu ogun ọba náà lórí òkè ní 778, tí wọ́n sì pa Roland. Nígbà tí yóò fi tó nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn náà, àwọn akéwì ti sọ àwọn Basque di Mùsùlùmí. Ìwé ìtàn ìjọba ọba yìí kan náà kọ ọ́ pé 4,500 ará Saxon ni ó pa ní Verden ní 782, ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ológun ti pọ̀ kí irú akọni bẹ́ẹ̀ tó dé. Ọ̀yọ́ ní àwọn Ẹ̀ṣọ́, ó ní Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Wọ́n ń bọ Ògún kí wọ́n tó jáde, wọ́n ń sun ìlú, wọ́n ń kó ẹrú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn náà kò wẹ ara wọn mọ́. Oríkì ológun kì í fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́. Ó ń ka àwọn tí ó pa ní gbangba, ẹ̀rù rẹ̀ ni a sì fi ń yìn ín. Ẹni tí a kó lẹ́rú jẹ́ ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ogun. Kò sí ẹni tí ó sọ pé a dá a ní ẹni ibi. Ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ irú ẹrú bẹ́ẹ̀ ni ó di ọmọ-ogun fún olówó wọn.

Ìlọrin ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Usman dan Fodio ti bẹ̀rẹ̀ jìhádì ní ilẹ̀ Haúsá ní 1804. Ní nǹkan bí 1817, Àfọ̀njá, Kakaǹfò tí ó ti kẹ̀yìn sí Ọ̀yọ́, ké sí àwọn ẹrú Haúsá pé kí wọ́n wá gba òmìnira lọ́dọ̀ òun. Ó fi ara mọ́ Àlímì, àlùfáà Fúlàní, àti Ṣólágbèrú, Mùsùlùmí Yorùbá tí ó wà ní Òkè Súnà. Ẹgbẹ́ ogun tuntun yìí ni a ń pè ní jàmáà. Samuel Johnson kọ ọ́ pé òrùka irin méjì tí a ń pè ní kẹ̀ndẹ̀ ni àmì wọn ní ọwọ́ òsì. Bí wọ́n bá pàdé ara wọn, wọn a lu òrùka mọ́ òrùka kí ó dún, láti fi hàn pé ọmọ ìyá ni àwọn. Àlùfáà Kristẹni ni Johnson, ó sì yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn bí ó ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu jàmáà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè jiyàn ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ní nǹkan bí 1824 ni wọ́n pa Àfọ̀njá tí ó kó wọn jọ. Kì í ṣe Mùsùlùmí, nítorí náà ó rọrùn láti pè é ní kèfèrí. Kí ni a ó wá pe Ṣólágbèrú? Ó ń kírun, ó ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìgbà Abdusalami ọmọ Àlímì, a pa òun náà. Ẹ̀sìn ni wọ́n fi kó ogun jọ. Ta ni yóò jọba ni wọ́n ń jà sí.

Àwọn ìlú tí ogun náà dé kò ráyè irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Ní 1821 ni a kọlu Òṣoògùn. Ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí wà níbẹ̀, a sì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì. Nígbà tí ó kọ ìtàn náà ní 1837, ó ní àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú àjèjì tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ni ó para pọ̀ di ogun náà. A fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. A tà á títí ó fi dé Èkó. Ní Épírì 1822 ni ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther.

Síbẹ̀ ẹni tí ó bá rí ìkà nìkan nínú ìtàn jàmáà kò tíì kà á tán. Ẹrú tí ó já ìdè ni púpọ̀ nínú wọn. Ní òru 24 mọ́jú 25 Jánúárì 1835, ní Salvador ní Bahia, àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde sí àwọn olówó wọn pẹ̀lú aṣọ funfun àti tírà lára. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ogun ìgbà ìṣubú Ọ̀yọ́ ni ó sì gbé púpọ̀ dé ibẹ̀. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n ní Brazil, láti inú ìmàle. Àdúrà kan náà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ aláìní ni ó wà.

Àwọn Kristẹni Abẹ́òkúta náà gbé ohun ìjà. Wọ́n jà pẹ̀lú àwọn ará ìlú yòókù nígbà tí Dahomey kọlu ìlú náà ní 3 Máàṣì 1851; nígbà tí ó yá, wọ́n ní Balógun tiwọn, John Òkénlá. Bí Dahomey bá wọlé, ẹrú ni ìbá kó wọn; kò rọrùn láti sọ ohun mìíràn tí wọn ìbá ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà ogun Ìjàyè, ní 1860 sí 1862, Ẹ̀gbá wà lẹ́yìn Ìjàyè, Ìbàdàn wà ní ìhà kejì, ìjọ Kristẹni kan sì wà ní Ìbàdàn lábẹ́ David Hinderer. Eré náà kò kọ́ paladin ní ohun tí yóò ṣe nígbà tí ẹni tí ó wà ní ìhà kejì bá ń gbàdúrà sí Ọlọ́run kan náà.

Abẹ́òkúta yìí ni Crowther, tí ó ti di àlùfáà, ti tún rí ìyá rẹ̀, Afala, ní 1846, lẹ́yìn 25 ọdún. A ti kó ìyá náà lẹ́rú mọ́ òmíràn lẹ́yìn Òṣoògùn, a sì ti rà á padà. Ní 1848 ni ó ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hannah, ìyá Samuel.